Oko Tí Àáró Kò Dé

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìlú wa ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n lọ sójú ogun, kí ó má ṣe lọ síbi àsíá. Níbi àsíá, gbogbo ènìyàn ní í pàtẹ́wọ́. Kí ó lọ wo oko wọn. Oko kì í purọ́. Bí koríko ibẹ̀ bá ga ju ènìyàn lọ, kí ó yáa mọ̀ pé àtẹ́wọ́ náà kò kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìjọba.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá, tí í ṣe ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, ọdún kẹrin lẹ́yìn tí àwọn Faransé ká àsíá tiwọn lọ, Euphrasie jí kí àkùkọ tó kọ. Iṣu kan ṣoṣo ló kù nínú ilé. Ó bó o, ó gé e sínú ìkòkò. Iṣu náà kéré débi pé Valentine ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, bi í léèrè bóyá adìẹ ló ń sè é fún. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó lọ múra, nítorí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni yóò kọrin lábẹ́ àsíá lọ́jọ́ náà.

Ọkọ rẹ̀, Ignace, ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi orúnkún méjèèjì há ọ̀kan nínú mẹ́dàyì rẹ̀ mẹ́ta, ó ń fi ọwọ́ òsì ra eérú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lára, títí idẹ náà fi ń dán. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan. Ó ti ká sínú láti ìgbọ̀nwọ́, mẹ́ta nínú ìka rẹ̀ kò sì mọ òtútù yàtọ̀ sí ooru mọ́. Ìbọn ló ṣe é, ní ìlú kan tí ẹnikẹ́ni nínú agboolé kò lè pe orúkọ rẹ̀. Bàbá Sójà ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Euphrasie bi í pé ṣé ó ṣì máa lọ síbi àsíá náà. Ó ní òun máa lọ. Ó rán an létí pé òní ni ọjọ́ tí Bàbá Évariste dá. Ó ní òun kò gbàgbé.

Bàbá Évariste ni olórí ẹbí, àbúrò bàbá tí ó bí Ignace. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mísà, ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo agboolé pé oko Ignace tí ó wà nísàlẹ̀ òkè, lọ́nà Kpingni, ti di igbó. Kò pariwo. Ó ní ọkọ́ ni ilẹ̀ mọ̀, ilẹ̀ kò mọ ìtàn. Bí òun bá dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àsíá, tí òun kò bá ebè lórí ilẹ̀ náà, Léonard, àbíkẹ́yìn òun, ni yóò wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò sí ẹni tí ó lè bá a jiyàn. Ilẹ̀ ẹbí ni, ilẹ̀ ẹbí kì í sì í sùn. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ ń bọ̀, ilẹ̀ ń le sí i lójoojúmọ́. Ẹni tí kò bá kọ ebè báyìí kò ní í ní iṣu lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹni tí kò bá sì ní iṣu ní òkè Ìdáàṣà, kí ó yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ẹ̀kọ́, kí ó fà á lé ará Kútọnu lọ́wọ́, kí ó lọ máa bá wọn fọ abọ́. Ohun tí Euphrasie ń rò nìyẹn nígbà tí ó ń wo Valentine tí ń ya irun rẹ̀ sí méjì.

Ọjọ́ mẹ́fà ni òun fúnra rẹ̀ ti fi wà lẹ́nu ebè náà. Obìnrin kì í kọ ebè iṣu lọ́dọ̀ wa. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjì ló ń ti Soclogbo wá kọ ọ́ fún wọn lọ́dọọdún. Lọ́dún yìí, ọ̀kan ti bá iṣẹ́ lọ sí Kútọnu, sòbìà sì ti dá èkejì dùbúlẹ̀, kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ebè ọjọ́ mẹ́fà Euphrasie kò kún igun oko kan.

Ó gbé iṣu sọ̀, ó bù ú fún wọn. Nígbà tí ó rí i pé Ignace tún mú mẹ́dàyì kejì, ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Bàbá Valentine,” ó ní, “àtẹ́wọ́ kò ṣeé gbìn.”

Ignace kò gbójú sókè.

“Àwa mẹ́rin la kúrò lórí òkè yìí. Èmi nìkan ni mo padà. Bí mi ò bá dé ibẹ̀ lónìí, wọn á ní kò sẹ́ni tó lọ rárá.”

Euphrasie fẹ́ sọ pé ẹni tí ebi pa, òkú náà ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó sì gbé e mì. Wọ́n jẹ iṣu náà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọ ẹ̀wù kákí rẹ̀ tán, ó wá dúró níwájú rẹ̀, nítorí ọwọ́ kan kò lè de bọ́tìnnì ọrùn. Inú ń bí Euphrasie títí dé ìka ẹsẹ̀, síbẹ̀ ó de bọ́tìnnì náà fún un, ó sì gbọn eérú kúrò ní èjìká rẹ̀. Bàbá àti ọmọ gba ọ̀nà ìlú lọ. Òun gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká.

Ó kọjá níwájú ilé Odile. Odile ni aládùúgbò wọn tí ó jẹ́ pé bí ewúrẹ́ bá bímọ ní Glazoué, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ iye ọmọ rẹ̀. Ó dúró ti igbá Àmínátù, obìnrin Mùsùlùmí tí ń ta iyọ̀ àti ọṣẹ, ó ń yan ọṣẹ bí ẹni tí ń yan ìyàwó.

“Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Sójà,” ni Odile wí. “Ẹ̀yin náà ń lọ oko? Àbí Paris kò tíì ránṣẹ́ lóṣù yìí?”

Euphrasie kí wọn, ó sì ń lọ. Ó gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ bí Odile ṣe ń sọ fún Àmínátù pé inú àpò ni wọ́n ń kó owó sójà wá, pé ahun ni àwọn tọkọtaya náà, pé ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gba alágbàṣe. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé owó náà ń wá lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, ó sì máa ń tán kí ẹni tí ó lọ gbà á tó ti ìlú dé. Àmínátù gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí ó rẹ̀ ẹ́, ó ní: “Iyọ̀ tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ mi, ṣíbí ni mo fi ń wọ̀n ọ́n.” Odile mú ọṣẹ kan, ó sì sanwó.

Oko náà wà lábẹ́ òkúta ńlá méjì tí ó fi ara ti ara. Oòrùn kò tíì gun orí wọn nígbà tí Euphrasie bẹ̀rẹ̀. Ó sán koríko, ó gbá a jọ, ó wọ́ erùpẹ̀ bò ó. Bí ó bá gbé ọkọ́ sọ̀, ilẹ̀ a dá a padà bí ìgbà tí ènìyàn kan ilẹ̀kùn ẹni tí kò fẹ́ ṣí i. Ó kọ ebè kan, ó kọ èkejì. Nígbà tí ó kọ ìkẹta tán, ó nà ró, ó wo bí koríko ṣe lọ títí dé ìdí òkúta, ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ asán ni òun ń ṣe.

Ìgbà náà ni ó gbọ́ orin. Àwọn ẹgbẹ́ aláàáró ló ń bọ̀, ọkùnrin méjìdínlógún, ọkọ́ lé èjìká wọn. Théodore, àkọ́bí Bàbá Évariste, ni olórí wọn, òun ló sì ṣáájú. Ọjọ́ rẹ̀ ni òní. Oko rẹ̀ ló kàn kí wọ́n kọ, ó wà lókè ọ̀nà náà. Ọ̀nà tóóró tí ó gba etí oko Ignace ni wọn yóò sì gbà kọjá.

Bí wọ́n ti ń sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni orin ń rẹlẹ̀. Àwọn tí ó wà níwájú kí i pé ó kú iṣẹ́. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́: orin a rẹlẹ̀ níbẹ̀, a tún sọ sókè bí wọ́n bá ti kọjá. Euphrasie kò mọ ohun tí ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti dúró sáàárín ọ̀nà kí ó tó mọ̀ pé òun dúró.

“Ọkọ mi Théodore,” ó ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni a ṣe tí a kò fi sí nínú àáró yín?”

Théodore gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í ṣe alárékérekè. Ó dàbí ẹni pé ẹnu yà á pé ẹnìkan lè béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

“Ìyàwó, ọ̀wọ̀ ni,” ó ní. “Ta ni yóò pe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti bá ogun lọ wá sídìí ọkọ́? Bí a bá pe orúkọ Ignace tí kò lè jáde, a ti dójú tì í lójú ọmọdé nìyẹn. A fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè sinmi.”

Désiré, tí ó kéré jù nínú wọn, fi kún un pé sójà kò kúkú nílò àáró, ìjọba ló ń bọ́ ọ. Ẹnìkan mi orí sí i.

Euphrasie wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé wọn kò purọ́. Ọdún méjìdínlógún ni ọkọ rẹ̀ ti fi jókòó sílé, tí ó ń rò pé wọ́n ti ka òun mọ́ òkú, tí kò sì béèrè, nítorí ẹni tí kò ní ọwọ́ tí yóò fi san àáró kì í tọrọ rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún náà ni àwọn wọ̀nyí fi ń gbójú kúrò kí wọ́n má baà kó ìtìjú bá a. Ọ̀wọ̀ méjì pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n sì bí ebi.

“Kí ni òfin àáró?” ó béèrè.

Ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n. Désiré ní ẹni tí ó bá ro tòun, òun náà yóò ro tirẹ̀.

“Ó dáa. Nígbà tí àwọn Faransé wá ń ka ọkùnrin fún ogun nínú agboolé wa, tí wọ́n ní kí Bàbá fa ọ̀kan kalẹ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ta ni ó kàn?”

Désiré kò mọ ìdáhùn, a kò tíì bí i nígbà náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó ti pé ogójì ọdún lójú ọ̀nà yẹn ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ̀ pé Théodore ló kàn. Wọ́n mọ̀ pé bàbá rẹ̀ wo yíká, tí ó sì fa Ignace kalẹ̀, ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú, tí kò ní ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Théodore ń wo eékánná rẹ̀.

“Mi ò bínú,” ni Euphrasie wí. Ohùn rẹ̀ kò sókè. “Oyún àkọ́kọ́ wà nínú ìyàwó yín, ó sì yẹ kí ẹ wà nílé. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ni ọkọ mi fi ro oko tó jẹ́ tiyín. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò ní kí ẹ ro ọdún mẹ́rin fún un. Ọjọ́ kan péré ni mo ń wí.”

Ó sún kúrò lójú ọ̀nà. Théodore gbé ọkọ́ rẹ̀, ó sì kọjá. Àwọn yòókù tẹ̀lé e, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kò sí ẹni tí ó tún gbé orin.

Ojú ti Euphrasie. Ìyàwó tí ó dúró lójú ọ̀nà, tí ó ń ka irú ìyẹn sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ létí lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, ibo ni yóò gbé e gbà? Bí ó bá dé etí Bàbá Évariste, kì í ṣe oko nìkan ni yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹnu tí ó yẹ kí ó fi bẹ̀bẹ̀ ni ó fi ṣe ẹjọ́. Ó padà sídìí ebè rẹ̀, ó ń gbé ọkọ́ sókè, ó ń gbé e sọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, igi ọkọ́ náà sì ti tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Lókè ọ̀nà, ó gbọ́ tí ọkọ́ àwọn aláàáró bẹ̀rẹ̀ sí ró. Gbì, gbì, gbì. Ó ń gbọ́ bí ilẹ̀ ẹlòmíràn ṣe ń dìde.

Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan mọ́.

Ó rò pé wọ́n ń mu omi ni. Ó kọ ebè kan sí i. Nígbà tí ó yíjú, Théodore ti wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn yòókù sì ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín koríko.

“Níbo lo ti bẹ̀rẹ̀?” ni Théodore béèrè.

Euphrasie nà ró. Ó fi ọwọ́ tọ́ka. Théodore lọ dúró níbi tí ó tọ́ka sí, ó tutọ́ sọ́wọ́, ó sì gbé ọkọ́ sọ̀.

Désiré ló sọ ohun tí ó wà lọ́kàn gbogbo wọn. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n àwọn rò ó dáadáa. Oko mẹ́tàdínlógún ni àwọn ti kọ, tirẹ̀ ló kẹ́yìn. Bí ó bá fi ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, àáró kò ní í tún yí kàn án kí ilẹ̀ tó gbẹ. Théodore ní ẹni tí ó ni ọjọ́ ló ni àṣẹ láti fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, ṣé òfin ti yípadà ni? Wọ́n ní rárá. Ó ní kí wọ́n dúró lórí ìlà nígbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí ó ti mi orí lẹ́ẹ̀kan sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kò wo ẹnikẹ́ni bí ó ti ń sọ ọ́. Òun náà mú ìlà tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí ọkùnrin méjìdínlógún tí inú wọn ń dùn lẹ́nu ebè, ẹ kò tíì rí iṣẹ́. Koríko ń wó lulẹ̀ bí aṣọ tí a fà lórí okùn. Erùpẹ̀ pupa ń yọ lábẹ́ rẹ̀, ebè ń dìde ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Nígbà tí orin dé, ó dé ní ohùn òkè, kò sì rẹlẹ̀. Euphrasie fẹ́ mú ìlà kan pẹ̀lú wọn. Wọ́n lé e kúrò. Wọ́n ní kí ó máa lọ wá omi, pé ebè rẹ̀ rí bí iwájú orí àgbàlagbà. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Àìkú.

Níbi tí ó ti ń rẹ́rìn-ín ni ó ti rántí oúnjẹ. Ẹni tí àáró bá dé oko rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ bọ́ àáró. Ọkùnrin méjìdínlógún, kò sì sí èèpo iṣu nílé. Ó ti ń wo ọ̀nà ìlú, tí ó ń ṣírò ohun tí Àmínátù lè gbé fún un láwìn, nígbà tí ó rí Odette.

Odette, ìyàwó Théodore, gbé ìkòkò ńlá rù, ọmọbìnrin méjì ń gbé agbada tẹ̀lé e. Ó ti dé oko ọkọ rẹ̀, ebè mẹ́ta péré ló bá níbẹ̀ àti fìlà kan lórí igi. Ó ti gbọ́ orin níbi tí kò yẹ kí orin wà, ó sì tẹ̀lé e wá. Inú rẹ̀ ti ru kí ó tó dé.

“Bàbá Claudine, ṣé òkè ló yí yín lójú?” ó ní. “Àbí ẹ ti sọ oko yín nù bí ẹni sọ abẹ́rẹ́ nù?”

Àwọn ọkùnrin ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ imú. Théodore kò rẹ́rìn-ín. Ó nà ró, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó sì tún tẹ̀ ba. Ìwò yẹn nìkan ni. Odette dúró pẹ̀lú ìkòkò lórí. Ó wo oko náà, ó mọ oko ẹni tí í ṣe. Ó wo ọwọ́ Euphrasie tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí. Claudine, ọmọ oyún ìjọ́sí, ti bí ọmọ méjì fún ara rẹ̀ báyìí. Ojú Odette rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí iyán tí omi gbígbóná kàn.

“Ìyàwó,” ó sọ fún Euphrasie, “wá bá mi sọ ìkòkò yìí. Ọrùn mi kì í ṣe igi.”

Iyán ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti adìẹ méjì, nítorí ọjọ́ oko ọkọ rẹ̀ ni, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ilé òun kò mọ bí a ti ń bọ́ ènìyàn. Àwọn méjèèjì jọ bù ú sórí ewé. Ìgbà kan, ọwọ́ wọn pàdé lórí ìgbakọ, kò sì sí ẹni tí ó tètè yọ tirẹ̀. Odile náà dé. Ó wá wo ohun tí yóò rí sọ lọ́jà ni, ṣùgbọ́n kí ó tó la ẹnu, Odette ti gbé ìkòkò omi lé e lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló lọ sódò kí oòrùn tó yẹ̀, ó sì ń ráhùn títí dé òkè.

Nígbà tí òjìji òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í nà sórí oko, ìlà kan péré ló kù. Ìgbà náà ni Bàbá Évariste dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Léonard wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ọkọ́ tuntun lé èjìká.

Bàbá náà dúró. Orin dákẹ́. Ó wọ inú oko, ó ń rìn láàárín ebè sí ebè, ó ń fi ọ̀pá kàn wọ́n bí ẹni tí ń ka ẹran. Kò sí èyí tí ó fọ́. Ó rìn títí dé ọ̀dọ̀ àkọ́bí rẹ̀.

“Ọjọ́ rẹ ni òní,” ó ní.

“Mo ti lò ó, Bàbá.”

“Oko rẹ ńkọ́?”

“Ó wà níbẹ̀.”

Wọ́n wo ara wọn. Euphrasie di ọwọ́ mọ́ àyà. Bí Bàbá bá sọ pé àáró tí a kò pè kì í ṣe àáró, pé òun kò fọwọ́ sí i, ta ni yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́? Bàbá Évariste gbé ojú kúrò lára ọmọ rẹ̀. Ó wo òkè náà fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni pé nǹkan kan wà lórí rẹ̀ tí ó gbé síbẹ̀ ní ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, Léonard ló bá sọ̀rọ̀.

“Kí lo gbé ọkọ́ dúró fún? Ìlà kan ṣì kù.”

Léonard wọ inú ìlà. Bàbá rẹ̀ lọ jókòó sórí òkúta, ó yí ẹ̀yìn sí wọn.

Ignace dé kété lẹ́yìn náà, ó ń sáré, ẹ̀wù kákí ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, Valentine ń sáré tẹ̀lé e. Àmínátù ló sọ fún un pé ènìyàn pọ̀ lóko rẹ̀. Ohun tí ó rò ni pé wọ́n ti wá gba ilẹ̀ náà kí oòrùn tó wọ̀. Ó dúró sétí oko, kò lè mí dáadáa. Ó wo ebè. Ó wo àwọn ọkùnrin. Ó tún wo ebè. Mẹ́dàyì mẹ́ta náà ń mì lórí àyà rẹ̀.

Théodore ló kọ́kọ́ rí i, ó sì nà ró. Èkejì nà ró, ẹ̀kẹta nà ró, títí gbogbo wọn fi dúró lórí ìlà, ọkọ́ wọn nílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn. Kò sí ẹni tí ó pàtẹ́wọ́.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Ignace wí nígbà tí èémí rẹ̀ padà, “mi ò ní ọwọ́ tí màá fi san án.”

“O ti san án,” ni Théodore wí. “Àwa la pẹ́.”

Ignace bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà lára rẹ̀, ó fi lé Valentine lọ́wọ́. Ó lọ bá Théodore nídìí ebè tí ó kù, ó kúnlẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ òsì àti ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún wọ́ erùpẹ̀ jọ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń tú u. Wọ́n kọ ọ́ parí báyìí, àwọn méjèèjì. Ebè náà wọ́ díẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí wọ́n tó tú ká, Théodore sọ pé àáró yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí lọ́la, fún gbígbin iṣu àti ríro koríko, ní oko Désiré. Ó ní bí òun bá ti ń pe orúkọ, òun yóò pe Ignace, kí ó sì jáde. Désiré fi ọwọ́ họ orí, ó ní kí Bàbá Sójà wá bá àwọn fa okùn ìlà, nítorí ìlà oko òun rí bí ọ̀nà ejò, sójà ló sì mọ bí a ti ń dúró gbọọrọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní kí ó má wulẹ̀ sọ ti oko, kí Bàbá Sójà kọ́kọ́ wá bá a fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gún. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, Ignace náà wà nínú àwọn tí ń rẹ́rìn-ín, Euphrasie sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín tiwọn. Ó ti gbàgbé bí ó ṣe ń dún.

Ó lọ wo inú ìkòkò. Ó ti mọ́. Ó ń fi ìka gbá etí rẹ̀ bóyá nǹkan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, nígbà tí Odette kọjá lára rẹ̀, tí ó lọ sábẹ́ òkúta, tí ó sì gbé àwo kan jáde tí ó fi ewé bò. Iyán wà nínú rẹ̀, odindi, àti iwe adìẹ méjèèjì, èyí tí kì í kọjá ọwọ́ baálé nínú ilé kankan. Ó rìn kọjá iwájú ọkọ rẹ̀. Ó rìn kọjá ẹ̀yìn Bàbá Évariste. Ó kúnlẹ̀ síwájú Ignace.

“Ọkọ mi, tiyín nìyí,” ó ní. “Mo ti bù ú sọ́tọ̀ láti ọ̀sán.”

Ignace fọ ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀ oko rẹ̀, ó sì jẹun.